Ta Ló Mọ Apọnmi-má-dànù?

Ìdí-Ẹ̀mí,
Ọ̀nà Ṣakí.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025.

Adédùntán, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọyẹ́. Mo kí ọ kú ọdún tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún ti fẹ́ máa gbó kí n tó rí ẹni fi lẹ́tà rán. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé àwọn ará Accra ń jẹ́ kí o sinmi? Èmi wà láàyè. Orúnkún mi ọ̀tún kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ṣì ń rìn káàkiri. Láàárọ̀ yìí, ọyẹ́ bo ilé Bàbá Sàká débi pé òrùlé nìkan ni mo rí, ó dà bí ẹni pé ó léfòó lójú ọ̀run. Mo dúró mo ń wò ó títí àgbàdo mi fi jóná.

Láti ìgbà Ìkórè ni mo ti ń retí ìwé rẹ. Ẹ̀yin tí a rán ní ilé-ìwé gíga lẹ kì í kọ̀wé, èmi tó jẹ́ ilé-ìwé àgbà ni mo ti mọ a-bí-dí ni mò ń kọ ọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ìròyìn wà. Ìjọba wá sí Ìdí-Ẹ̀mí. Má rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe àwọn olóṣèlú tó ń pín ìrẹsì. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìdàgbàsókè ìgbèríko ló rán ọmọbìnrin kan sí wa, Habiba ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ìlọrin. Ó gun ọ̀kadà wá, eruku sì ti sọ ìborùn rẹ̀ di pupa. Ó ní kí ọkùnrin jókòó lọ́tọ̀, kí obìnrin jókòó lọ́tọ̀, kí kálukú sọ ohun kan tí abúlé fẹ́. Àwọn ọkùnrin ní ọ̀nà ọlọ́dà làwọn fẹ́. Àwa ní omi. Ó wá bi àwọn ọkùnrin léèrè pé ta ló fi orí ru omi nínú wọn lọ́dún yìí. Omi ló wọlé.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá tó ń tẹ́tí sí ilẹ̀. Dùntán, ẹ̀rọ ń tẹ́tí sí ilẹ̀! Wọ́n na okùn rẹ̀ kiri etídò, wọ́n nà án kiri ẹ̀yìn ilé-ìwé, kò gbọ́ nǹkan kan. Ìdí Àràbà nìkan ló ti gbọ́ omi. Habiba ní omi náà yóò tó àwọn ọmọ ọmọ wa mu. Ó béèrè pé ta ló ni ilẹ̀. Àwọn ọkùnrin wà lóko lọ́jọ́ náà, èmi ni mo dáhùn. Mo ní ilẹ̀ Apọnmi-má-dànù ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé àbúrò bàbá rẹ ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, ẹni tó lọ sí Ghana kí a tó bí ọ, tí kò padà. Òun ni bàbá bàbá rẹ fún ní ilẹ̀ náà. Ọ́fíìsì wọn ní kí Ọ̀gbẹ́ni Apọnmi-má-dànù wá fọwọ́ sí i kí àwọn tó gbẹ́lẹ̀. A ní kò sí nílé. Habiba ní tó bá jẹ́ pé ó ti kú, kí ẹbí lọ búra bẹ́ẹ̀ ní kóòtù Ṣakí, kí àwọn ajogún yọ̀ǹda ilẹ̀. Bàbá Sàká tó jẹ́ olórí ẹbí dìde, ó ní òun yóò búra. Mo ní ta ló sin ín? Ta ló rí òkú? A kì í pín ilẹ̀ alààyè, a kì í sì í fi ẹnu pa ẹni tí ikú kò pa.

Accra ló lọ. Accra ni ìwọ náà wà. Bá mi wá a.

Tàíbátù ló mú ìwé yìí bọ̀, ó ń lọ ra aṣọ. Mo fi òrí sí i fún ẹsẹ̀ rẹ. Fóònù kì í mú lábúlé, nọ́ńbà Habiba ní ọ́fíìsì rẹ̀ ni mo kọ sẹ́yìn ìwé yìí.

Èmi ni ìyá rẹ.

* * *

Madina,
Accra.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025.

Màámi mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú orúnkún, ẹ kú àgbàdo tó jóná. Lẹ́tà yín dé, òrí náà dé, ó sì ń rùn bí ilé débi pé n kò lè fi pa ara lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kàn ń ṣí i, mo ń pa á dé. Ẹ má bínú pé n kò kọ̀wé. Ọ́fíìsì wa ní Adabraka kì í jẹ́ kí èèyàn mọ ìgbà tí ọ̀sẹ̀ ń parí.

Ọyẹ́ dé síhìn-ín náà. Wọ́n ń pè é ní hamatáànì. Tó bá ti bo títì, gbogbo èèyàn á dà bí ẹni tí a mọ̀ rí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo sùn lọ nínú trótró, ọkọ̀ èrò wọn níhìn-ín, nígbà tí mò ń lọ síbi iṣẹ́. Mo rí odò wa tó ń ṣàn láàárín àwọn ìjókòó. Ẹ̀yin wà níwájú, ẹ ru garawa, ẹ kò wẹ̀yìn. Mo pè yín, ẹ kò gbọ́. Méètì tó ń gba owó ọkọ̀ ló fọwọ́ kàn mí léjìká: "Madam, Adabraka o!" Mo sọ̀kalẹ̀, mo ṣì ń wo bàtà mi bóyá ó tutù.

Ní ti ọ̀rọ̀ ìjọba, Màámi, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Ṣé ìjọba yìí náà ni? Ẹni tó gbẹ́ kànga ilé-ìwé tó sì fi ihò sílẹ̀ fún ewúrẹ́ láti máa já sí? Mo fẹ́ gba Habiba yín gbọ́, ó kàn ń ṣe mí bí àlá ni.

Ní ti bàbá tí ẹ ní kí n wá, ẹ ṣàánú mi. Accra kì í ṣe Ìdí-Ẹ̀mí. Ṣé kí n dúró ní ìkóríta Madina kí n máa ké Apọnmi-má-dànù, Apọnmi-má-dànù, bí ẹni tó ń ta oògùn eku? Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ rẹ̀ gan-an ńkọ́? Èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Ẹ kọ ọ́ sí mi, kí n lè béèrè lọ́wọ́ èèyàn gidi.

Mo fi bàtà rọ́bà ránṣẹ́ fún yín àti ọṣẹ. Ẹ má fún Bàbá Sàká ní ọṣẹ.

Èmi ọmọ yín,
Adédùntán.

* * *

Ìdí-Ẹ̀mí.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Èrèlé, 2025.

Dùntán,

Mo kí ọ. Bàtà bá mi lẹ́sẹ̀ mu. Bàbá Sàká gbóòórùn ọṣẹ láti ọ̀nà jíjìn, ó sì ti gba ọ̀kan.

O ní kí n kọ orúkọ ọkọ mi fún ọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tọ́ ọ? Ìyàwó ilé ni mí. Gbogbo ẹni tí mo bá nílé bàbá rẹ, àgbà wọn, ọmọdé wọn, ọkọ mi ni. Mo fún kálukú ní orúkọ tèmi, orúkọ náà ni mo fi ń pè wọ́n láti àádọ́ta ọdún. Bàbá rẹ ti kú, n kò tíì pe orúkọ rẹ̀. Ojú wo ni kí n fi wò ó lọ́run tí mo bá ti orí ìwé pe ti àbúrò rẹ̀? Tí o bá ní ọkọ, wàá mọ ohun tí mò ń sọ. Mo dákẹ́ lórí ìyẹn.

N kò sọ ìdí tí mo fi sọ ọ́ ní Apọnmi-má-dànù fún ọ rí. Ọjọ́ tí wọ́n mú mi wá, ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an. Mo dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìbòjú lójú mi, wọ́n wá rí i pé kò sí omi nínú ìkòkò láti fi wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó. Ìyàwó kì í wọlé láìwẹsẹ̀. Kò sì gbọ́dọ̀ padà. Mo dúró síbẹ̀. Abẹ́ ìbòjú ni mo ti ń wo ilẹ̀, ilẹ̀ ń yí, orin ń lọ sókè ń bọ̀ nílẹ̀, ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń gbé níyàwó. Ọmọkùnrin kan ti sáré lọ sódò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Nígbà tó dé, igbá kún dé etí lórí rẹ̀, ó ń rìn jẹ́jẹ́, kò sì sí ibì kan tó tutù lára aṣọ rẹ̀. Òun náà ló bu ú sí mi lẹ́sẹ̀. Títí dòní, tí mo bá di ojú, mo ṣì mọ bí omi yẹn ṣe tutù tó.

Ẹni yẹn ni Bàbá Sàká fẹ́ lọ búra pé ó ti kú.

Ṣùgbọ́n omi ń gbẹ, mo mọ̀. Odò ti sún lọ sẹ́yìn àpáta. Àwọn ìyàwó kékeré ń kúrò nílé kí àkùkọ tó kọ. Habiba ti bá wa bẹ̀bẹ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n ní àwọn lè dúró di ìgbà Àjíǹde. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́lẹ̀ yóò lọ sí abúlé mìíràn tí ọ̀rọ̀ tiwọn ti dọ́gba. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó jókòó lórí ẹní mi, ó jẹ iṣu, ó ní òfin ni òfin, ó sì ń wo ẹsẹ̀ mi bí ẹni fẹ́ sunkún.

Nítorí náà, mo ti rí ọgbọ́n sí i. Tàíbátù kì í ṣe ìyàwó ilé, ọmọ bíbí ilé ni. Ẹnu tirẹ̀ gbà á. Òun ni yóò sọ orúkọ náà fún ọ, n kò sì ní sí níbẹ̀. Ṣé o ti gbọ́?

Ìyá rẹ.

* * *

Madina, Accra.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ẹrẹ́nà, 2025.

Màámi mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ dárí jì mí pé mo bi yín bẹ́ẹ̀. Tàíbátù sọ ọ́: Abọ́dúndé Àrówólò. Ó tilẹ̀ wo ẹ̀yìn kó tó sọ ọ́, bí ẹni pé ẹ wà nítòsí.

Mo ti wá a. Pásítọ̀ wa kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Adabraka. Mo lọ bá àwọn Yorùbá tó ń tajà ní ọjà Madina, mo wọ Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, mo bá àwọn àgbà tó jókòó níwájú mọ́ṣáláṣí sọ̀rọ̀. Wọ́n gbà mí dáadáa, wọ́n fún mi ní omi, wọ́n bi mí ní orílẹ̀ wa. Àwọn ọmọ wọn ń fi Hausa àti Twi dá mi lóhùn. Ẹnikẹ́ni kò mọ Abọ́dúndé. Bàbá kan tilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ Alátà, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níhìn-ín, ló ti fẹ́ obìnrin onílẹ̀, wọ́n ti di onílẹ̀, orúkọ ilé ti bọ́ lára wọn. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tó ò ń wá lè wà nínú ọkọ̀ tó o wọ̀ wá síbí."

Nígbà tí mo jáde, ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́. Mo ń wo ojú gbogbo àgbà ọkùnrin tó ń kọjá, gbogbo wọn ló ń jọ bàbá mi. Ẹ̀rù bà mí.

Màámi, ẹ má gbá mi létí. Bóyá ó ti kú lóòótọ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí kò ti rán ẹnikẹ́ni sí yín. Omi ni ẹ fẹ́, àwọn ìyàwó kékeré sì ń rìn lọ sẹ́yìn àpáta. Tí Bàbá Sàká bá búra, kí ló bàjẹ́? Ìwé lásán ni. Tó bá wà láàyè, kò ní gbọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ kànga náà.

Èmi ọmọ yín,
Adédùntán.

* * *

Ìdí-Ẹ̀mí.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Ẹrẹ́nà, 2025.

Dùntán,

Ìwé rẹ dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo fi í sábẹ́ ẹní. N kò kí ọ kú ohunkóhun lónìí.

Wọ́n ti dá ọjọ́ ìbúra sí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀. Bàbá Sàká ti fọ agbádá rẹ̀, ọṣẹ rẹ ló fi fọ̀ ọ́. Gbogbo ẹbí ti gbà. Àwọn ìyàwó kékeré kò kí mi dáadáa mọ́, wọ́n ní nítorí ẹnì kan tí kò rántí ilé ni òùngbẹ ṣe ń gbẹ ọmọ àwọn. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Tí wọ́n bá búra tán, n kò ní mu nínú omi náà. Èmi yóò máa lọ sódò.

Mo sùn lọ́sàn-án àná, mo rí i. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, igbá wà lórí rẹ̀, kò wọlé. Ó ń retí kí n pè é. Mo la ẹnu, ohùn kò jáde.

Nínú gbogbo ìrìn rẹ, ṣé o pe orúkọ tí mo fún un? O kò pè é. Ojú ń tì ọ́.

Ìyá rẹ.

* * *

Madina, Accra.
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù Ẹrẹ́nà, 2025.

Màámi,

Ẹ dá lẹ́tà yìí dúró ná. Ẹ gbójú sókè, ẹ wo ẹni tó fi í lé yín lọ́wọ́. Ẹ wò ó dáadáa. Irun rẹ̀ ti funfun, ó sì ti yọkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ojú rẹ̀. Tí ẹ bá ti sunkún tán, kí ẹ wá máa kà á lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo sin Tàíbátù lọ sí ibùdókọ̀ Tudu, níbi tó ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Aflao ní ẹnubodè, kó tó máa lọ sílé. Oòrùn mú, gbogbo àwọn tó ń ta búrẹ́dì àti omi ọlọ́ràá ń pariwo pọ̀, ariwo náà ń lọ réré létí mi bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ lókèèrè. Ọ̀rọ̀ yín, "ojú ń tì ọ́," ń dùn mí láyà láti ọjọ́ tí mo ti kà á. Mo sọ fún Tàíbátù. Ó ní, "Ó dáa, pè é níbí. Ta ló mọ̀ ọ́ níbí?" Mo la ẹnu, mo pariwo: "Apọnmi-má-dànù o!" Àwọn èèyàn wò mí. Mo tún un pè.

Bàbá kan ń bẹ níwájú ọkọ̀ tó ń to ẹrù fún àwọn èrò. Wofa Kwabena ni gbogbo ibùdókọ̀ ń pè é, Wofa, ìyẹn arákùnrin ìyá ẹni lédè wọn. Òun ni ọ̀gá tó ń kó èrò sínú ọkọ̀ Aflao, mo sì ti fún un ní owó ọkọ̀ Tàíbátù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, Twi ni a jọ máa ń sọ. Àpò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ já bọ́.

"Ei! Hwan?" Ta nìyẹn, ló ń béèrè. Ó wá yíjú sí mi, Yorùbá sì jáde lẹ́nu rẹ̀, Yorùbá Òkè-Ògùn gidi: "Ta ló kọ́ ọ ní orúkọ yẹn? Obìnrin kan ṣoṣo ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ láyé."

Mo ní, "Ìyá mi ni. Ó ní kí ẹ máa bọ̀ nílé."

Ó jókòó sórí àpò ẹrù, ó bo ojú. Méètì rẹ̀ ń bi í ní Twi pé kí ló dé, ta ló kú. Ó ní ẹnikẹ́ni kò kú.

Ó ti pẹ́ tí kò ti jẹ́ Abọ́dúndé mọ́, Màámi. Àwọn àna rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Kwabena nítorí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n bí i, kí wọ́n má baà máa pè é ní àlejò. Àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá kò mọ orúkọ mìíràn. Ká ní mo fi Abọ́dúndé wá a títí ayé ni, n kò ní rí i. Mo bi í ìdí tí kò fi wálé. Ó ní òun lọ láìdágbére fún ìyá òun. Ó ní, "Ọdọọdún ni mo ń sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí mo gbọ́ pé ìyá mi ti kú, kò sí ẹni tí mo tún fẹ́ lọ bẹ̀." Láti ìgbà náà ló ti ń kó àwọn èèyàn sínú ọkọ̀ tó ń lọ sílé, tí òun ń dúró.

Mo fẹ́ tẹ Habiba láago lójú ẹsẹ̀. Bàbá ní rárá, ẹnu ara òun ni òun yóò fi jẹ́ ìpè náà. Ó lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ, ó sì ń bọ̀ lọ́jọ́rú; Tàíbátù ń dúró dè é kí wọ́n lè jọ máa bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó gbé ẹrù tó wúwo.

Èmi ni mo ní kí wọ́n búra. Ẹ kí mi nínú lẹ́tà yín tó kàn, Màámi. Ó dùn mí pé ẹ kò kí mi.

Èmi ọmọ yín,
Adédùntán.

* * *

Ìdí-Ẹ̀mí.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Èbìbí, 2025.

Adédùntán ọmọ mi, Àṣàkẹ́ ọmọ rere,

Mo kí ọ kú iṣẹ́. Mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ariwo tí o pa ní Tudu. Mo kí ọ kú oòrùn. Gbogbo kíkí tí mo jẹ ọ́ nìyẹn, n kò sì tíì parí.

Ẹnu ọ̀nà náà ló ti dúró, bí mo ṣe rí i lójú oorun. Lọ́tẹ̀ yìí ohùn mi jáde. Mo pè é, ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ síwájú àwòrán bàbá rẹ, kò sì dìde bọ̀rọ̀. Bàbá Sàká gbọ́, ó sáré dé, ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí mo ti fọ agbádá láti lọ pa ní kóòtù rèé tó ń bi mí ní àlàáfíà." Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wa.

Habiba dé lọ́jọ́ kejì. Ó mú ìwé wá, ó sì ka ohun gbogbo sókè kí abúlé gbọ́: pé kànga ti gbogbo ìlú ni, pé ilẹ̀ tó yí i ká ṣì jẹ́ ti onílẹ̀, pé àwa ni yóò kó yanrìn àti òkúta, pé àwa la ó sì máa tọ́jú ẹ̀rọ. Ọkọ mi fọwọ́ sí i. Habiba bi í bóyá kí òun pa orúkọ tí mo sọ fún òun rẹ́, kí òun kọ èyí tó tọ́. Ó ní kó kọ èyí tó kù sí abẹ́ rẹ̀, kó má pa nǹkan kan rẹ́. Wọ́n ti kọ́ èmi àti àwọn ìyàwó kékeré méjì bí a ṣe ń tú pọ́ǹpù tí a ó sì tún un tò. Sọ fún àwọn ará ọ́fíìsì rẹ pé ìyá rẹ ti di ẹnjiníà.

Wọ́n gbẹ́lẹ̀. Omi jáde ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ó kọ́kọ́ pọ́n, ó wá mọ́. Mo jókòó sílé nítorí orúnkún mi, mò ń gbọ́ igbe ayọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, mo rò pé mò ń tòògbé.

Kò pẹ́, mo rí ọkọ mi tó ń bọ̀. Ó ru garawa. Wọ́n ní kó jẹ́ kí ọmọdé gbà á, ó kọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, omi ń dà sí i léjìká, ó ń dà sí i láyà, gbogbo ọ̀nà láti Ìdí Àràbà ló tutù lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, kò ku ìdajì. Ó wo inú garawa, ojú tì í. Ó ní, "Ìyàwó, mo ti dà á nù."

Mo bọ́ bàtà tí o rà fún mi, mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Mo ní, "Bù ú sí i, ọkọ mi. Ohun tó kù yìí tó ẹsẹ̀ wẹ̀."

Ó tutù bíi ti ọjọ́sí.

Èmi ni ìyá rẹ.